Ọjọ́ Tí Èsì Dé

Nígbà tí èsì ìdánwò oníwèé mẹ́wàá jáde, ọmọbìnrin mi kò sọ̀rọ̀. Fóònù ni ó nà sí mi. Yorùbá, B3; Gẹ̀ẹ́sì, C6; Ìṣirò, D7. Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi kò ṣàì mọ̀ pé C6 ni kírẹ́dìtì mọ, ìmọ̀ ẹ̀rọ ni ó sì fẹ́ kọ́ ní yunifásítì.

Èmi tí mo máa ń tu ọmọ ọlọ́mọ nínú, èébú ni ó kọ́kọ́ wá sí mi lẹ́nu. Mo gbé e mì. Mo ní, “Wá, jẹ́ kí á jẹun.” Ó bu òkèlè kan, ó bú sẹ́kún. N kò wí nǹkan kan; mo jókòó tì í títí ọbẹ̀ fi tutù.

Ìgbà náà ni ó béèrè pé, “Bàámi, ìgbà wo ni fọ́ọ̀mù GCE yóò jáde?”