Ọkọ́ Tí Mo Fẹ́ Wọ̀ Lọ Ring Road

 Olóòtú ìwé ìròyìn yìí ní kí n kọ nǹkan sílẹ̀ kí n tó kó ẹrù mi kúrò ní Bìní. Ọ̀rọ̀ ìdágbére ni mo kọ́kọ́ fẹ́ kọ, àmọ́ ìjẹ́wọ́ ló wà lọ́kàn mi.

Òun nìyí: fún bí ìlàjì táàmù àkọ́kọ́ ni mo fi ń kọ́ yín ní Yorùbá, tí mo sì gbà pé ayédèrú tíṣà ni mí.

Físíìsì ni mo kà ní yunifásítì. Nígbà tí wọ́n rán mi wá sìn gẹ́gẹ́ bí àgùnbánirọ̀ ní Ìpínlẹ̀ Ẹ̀dó, físíìsì ni mo múra láti kọ́. Àmọ́ lọ́jọ́ tí mo dé, wọ́n wo orúkọ mi, wọ́n ní ọmọ Yorùbá ni mí, kò sì sí tíṣà Yorùbá, kí n bá àwọn mú JSS2 àti ẹgbẹ́ Yorùbá yìí. Ojú tì mí láti sọ pé mi ò mọ̀ ọ́n kọ dáadáa. Èkó ni wọ́n bí mi sí. Mò ń sọ Yorùbá, mo lè fi bá kọ̀ndọ́kítọ̀ jà pàápàá, àmọ́ láti JSS3 ni mo ti kọ ọ́ sílẹ̀ kẹ́yìn.

Bí ẹ bá ti lọ sí prep lálẹ́, èmi náà á jókòó sí yàrá mi, mà á máa ka ohun tí mo fẹ́ kọ́ yín lọ́jọ́ kejì. Bí ẹ bá kí mi lọ́nà ilé oúnjẹ pé, "Ẹ káàárọ̀ ma," inú mi á dùn, àyà mi á sì tún já. Aṣọ àyálò ló dà bíi pé mo wọ̀. Mo máa ń sọ lọ́kàn pé lọ́jọ́ tí wọ́n bá mọ̀, mo gbé.

Ọjọ́ náà dé ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún. Àmì ohùn ni iṣẹ́ wa. Mo fẹ́ fi ọkọ ìyàwó, ọkọ́ tí a fi ń roko, ọkọ̀ tí à ń wọ̀ àti ọ̀kọ̀ tí jagunjagun ń jù hàn yín lójú pátákó. Orí mi bá dàrú. Mo fi àmì ọkọ́ sí ọkọ̀, mo fi ti ọkọ̀ sí ọkọ́. Ọmọ kan na ọwọ́ sókè lẹ́yìn: "Ẹ jọ̀ọ́ ma, ṣé ọkọ́ lẹ máa wọ̀ lọ Ring Road ni?" Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ ara mi ti kú.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo kọ lẹ́tà sí prínsípà pé kí wọ́n wá ẹni tó mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Lẹ́tà náà ṣì wà lọ́wọ́ mi tí ọmọbìnrin kan fi kanlẹ̀kùn. Ọmọ ẹgbẹ́ wa ni. Ó ní kí n yọ orúkọ òun kúrò nínú ẹgbẹ́. Yorùbá ni ìyá ẹ̀, Ẹ̀dó ni bàbá ẹ̀. Ó ní tí òun bá ti sọ̀rọ̀, wọ́n máa ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. "Ma, èmi kì í ṣe Yorùbá gidi."

Kí ni mo fẹ́ sọ fún un, èmi tí mo di lẹ́tà ìsákúrò mú? Mo ní kó lọ sùn, kó padà wá lọ́la.

Ìwé tí mo fẹ́ fi kọ́ yín nípa bí kíkọ Yorùbá ṣe bẹ̀rẹ̀ wà lórí ibùsùn. Mo ṣí i, mo bá Samuel Ajayi Crowther pàdé níbẹ̀. Wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣoògùn ní 1821. Freetown ní ilẹ̀ Sàró ló ti kàwé. Ní 1843, ó ti tẹ ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde, wọ́n sì ti fi í joyè àlùfáà. Ní ọjọ́ 9, oṣù Kìn-ín-ní, 1844, ó dúró láti fi Yorùbá ṣe ìsìn fún àwọn ará ilé ẹ̀ ní Freetown. Ó wá kọ ọ́ sínú ìwé ìrántí rẹ̀ pé lọ́jọ́ náà, nínú èdè abínibí òun, ṣe lòun dà bí ọmọ ọwọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ.

Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tó kọ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá! Ọkùnrin yìí kan náà ló di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864. Ní 1875, òun àtàwọn ẹlòmíì ṣì ní láti jókòó ìpàdé ní Èkó lórí bó ṣe yẹ ká máa kọ Yorùbá. Ó sì di 1974 kí ìjọba tó fọwọ́ sí àkọtọ́ tí à ń lò lónìí. Ohun táwọn àgbà fi ọ̀pọ̀ ọdún jiyàn lé lórí ni mo fẹ́ mọ̀ tán ní ọ̀sẹ̀ márùn-ún.

Mo ya lẹ́tà náà. Láàárọ̀, mo sọ fún JSS2 pé mo ṣàṣìṣe lánàá. A jọ fi dò, re, mí kọ ọ́ lórin: ọkọ, re re, ọkọ́, re mí, ọkọ̀, re dò, ọ̀kọ̀, dò dò. Mo ní ẹni tó bá tún rí àṣìṣe mi, kó wá tún un ṣe lójú pátákó. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀.

Nígbà tí ọmọbìnrin yẹn padà wá, mo sọ ìtàn Crowther fún un. Ó ní, "Ṣé bíṣọ́ọ̀bù náà ò gbọ́ Yorùbá ni?" Mo ní, "Ó gbọ́ ọ. Ẹ̀rù ló bà á." Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní kí n má tíì yọ orúkọ òun.

Ẹ̀yin náà wà níbẹ̀ lọ́jọ́ àṣà wa, nígbà tó pa àlọ́ ìjàpá. Níbì kan, ọ̀rọ̀ sá mọ́ ọn lẹ́nu, ó fi Ẹ̀dó sọ ọ́, ó sì ń bá àlọ́ ẹ̀ lọ. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín àyàfi níbi tí ìjàpá ti ṣubú.

Mi ò ní parọ́ fún yín pé ẹ̀rù náà ti tán. Ó ṣì ń dé bí mo bá ti mú ṣọ́ọ̀kì. Àmọ́ mo ti mọ̀ pé ẹ̀rù kì í ṣe ẹ̀rí pé iṣẹ́ ò tọ́ sí mi. Ẹni tó ń múra sílẹ̀, tó ń gba àtúnṣe, kì í ṣe ayédèrú. Abéèrè kì í ṣìnà.

Nítorí náà, bí ẹ bá rí ọ̀rọ̀ kan tí mi ò fi àmì sí dáadáa nínú ohun tí mo kọ yìí, ẹ ṣáà na ọwọ́ sókè.