Ta Ló Sọ Fún Yín?

Lálẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, 30 oṣù Kẹjọ 2024, a kún ibi tí wọ́n ti ń sanwó wo bọ́ọ̀lù ní Mowo, a ò sì wo bọ́ọ̀lù kankan. Fóònù là ń wò. Aago mọ́kànlá alẹ́ ni ọjà ríra agbábọ́ọ̀lù máa tì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ṣé Chelsea wa máa ra Victor Osimhen, ọmọ Èkó, lọ́wọ́ Napoli?

Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí. Ẹnì kan ní ó ti wọ bàálù, ẹlòmíì ní owó oṣù rẹ̀ ló ń fa wàhálà. Èmi náà là á mọ́lẹ̀: “Wáláhì, ó ti fọwọ́ síwèé!” Kò sẹ́ni tó sọ fún mi o. Mo kàn fẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀ ni.

Àbúrò mi fi owó ọkọ̀ tó fi ń lọ síbi iṣẹ́ ta tẹ́tẹ́ lé e. Ọjà tì. Kò pẹ́, Galatasaray ti Tọ́kì yá Osimhen lò.

Mo bá àbúrò mi wí pé haraamu ni tẹ́tẹ́. Ó wò mí, ó ní: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ búra.”

Suratul-Hujurat ní ká wádìí ìròyìn ká tó gbà á. Mo ti ṣe wáàsí lórí rẹ̀ rí. Àṣé èmi gan-an ni ìròyìn tó yẹ kó wádìí. Mo tọrọ àforíjìn lọ́dọ̀ Ọlọ́run, mo sì fún un lówó ọkọ̀.

Ní 2025, Galatasaray ra Osimhen pátápátá ní mílíọ̀nù 75 owó yúrò. Mo sáré lọ sọ fún àbúrò mi.

Ó ní: “Ẹ̀gbọ́n, ta ló sọ fún yín?”