Ẹ JẸ́ KÍ WỌ́N WÀÁSÙ

Ẹ ka: Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 5:33-42

Arákùnrin kan ní ìjọ wa ní Ìlógbò-Èkìtì bi mí pé, "Pásítọ̀, ẹ̀yin tí àwọn àgbà ìlú ń gbọ́ràn sí lẹ́nu, ẹ ò ṣe ní kí wọ́n lé àwọn Ẹlẹ́rìí Jèhófà? Gbogbo ìgbà ni wọ́n ń kanlẹ̀kùn." Mo ní n kò ní ṣe é. Ìdí rẹ̀ nìyí.

Kì í ṣe pé mo gba ẹ̀kọ́ wọn. Wọn kò gba Mẹ́talọ́kan gbọ́, àwa sì gbà á gbọ́. Ní ilé ẹ̀kọ́ Bíbélì, a kọ́ bí a ó ṣe fi Ìwé Mímọ́ dá wọn lóhùn. Ìwé Mímọ́ ni idà wa, kì í ṣe kóńdó ọlọ́pàá.

Ẹ wo Amẹ́ríkà nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Wọ́n lé ọmọ àwọn Ẹlẹ́rìí kúrò nílé ìwé torí pé wọn kò kí àsíá. Ìbọ̀rìṣà ni lójú tiwọn. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹfà ọdún 1940, adájọ́ 8 ní ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ gbà pé ilé ìwé lè fi dandan mú wọn. Ẹnì kan ṣoṣo ló kọ̀. Kíá ni àwọn jàǹdùkú bọ́ síta. Wọ́n lu àwọn ènìyàn yìí, wọ́n pè wọ́n ní ọ̀dàlẹ̀, wọ́n sì dáná sun gbọ̀ngàn ìjọsìn wọn ní Kennebunk, ìpínlẹ̀ Maine. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹfà ọdún 1943, tí ogun kò tíì parí, ilé ẹjọ́ kan náà yí ìdájọ́ yẹn padà. Adájọ́ 3 tó wà lára àwọn 8 ìjọ́sí wà lára àwọn tó yí i.

Pàṣán tí a fi na ìyálé, ó ń bẹ lájà fún ìyàwó. Ẹ rántí Àpọ́sítélì Joseph Ayọ̀ Babalọlá. Ní ọdún 1930 ni ìsọjí ńlá bẹ́ sílẹ̀ ní Òkè-Ooyè, Iléṣà, tó sì dé Ẹ̀fọ̀n-Aláayè nítòsí wa. Lójú àwọn aláṣẹ ìgbà náà, adàlúrú ni àwọn bàbá wa. Ní ọdún 1932, wọ́n rán Babalọlá lẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà ní Benin. Lónìí, àwọn èrò ń lọ sí ibojì rẹ̀ ní Ẹ̀fọ̀n.

Ní ọdún 1991, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà dá Ẹlẹ́rìí Jèhófà kan láre. Aránṣọ ni. Ẹgbẹ́ kan ní ìlú rẹ̀ gba ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, torí ó ní ẹ̀sìn òun kò jẹ́ kí òun wọ ẹgbẹ́ náà. Abala 38 nínú òfin ọdún 1999 dáàbò bo ẹ̀rí ọkàn olúkúlùkù wa. Òun náà ló fún wa láyè láti ṣe ìsọjí ní gbangba.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará, bí wọ́n bá kanlẹ̀kùn, ẹ kí wọn dáadáa. Ẹni tí kò bá fẹ́ gbọ́, kó sọ bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ìrẹ̀lẹ̀. Ẹ kọ́ àwọn ọmọ yín ní Ọ̀rọ̀ náà kí wọ́n lè dáhùn. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ọmọ Ẹlẹ́rìí ṣe yẹ̀yẹ́ nílé ìwé. Farisí ni Gàmálíẹ́lì, síbẹ̀ ó ní kí wọ́n fi àwọn àpọ́sítélì sílẹ̀. Ǹjẹ́ ó yẹ kí Farisí ṣàánú jù wá lọ?

Kí Olúwa fún wa ní ọkàn tó dúró ṣinṣin nínú òtítọ́, tí kò sì bẹ̀rù òmìnira ẹlòmíràn. Àmín.