Ẹran Ṣáájú Òkèlè

Ní ilé tí wọ́n ti tọ́ mi dàgbà ní Ìbàdàn, ẹran kì í ṣe ohun tí ọmọdé ń kọ́kọ́ fọwọ́ kàn. Bí ìyá mi bá ti bu ọbẹ̀ fún wa tán, ẹ̀gbẹ́ àwo ni a ó rọra ti ẹyọ ẹran kan ṣoṣo tí ó kàn wá sí, a ó sì máa wò ó títí òkèlè yóò fi tán. Ọmọ tí ó bá kọ́kọ́ bu ẹran jẹ ti di wọ̀bìà lójú gbogbo ilé. Bí àlejò bá sì rí i, yóò ní ìyá rẹ̀ kò kọ́ ọ. Ìyá mi kì í na ọmọ nídìí oúnjẹ. Ojú ni wọ́n fi ń bá ni wí, a sì gbọ́ èdè ojú náà dáadáa. Ní ti ẹyin, ẹ má tilẹ̀ jẹ́ kí a dárúkọ rẹ̀: wọ́n gbà pé ọmọ tí ó bá tètè mọ adùn ẹyin yóò jalè dandan. Iwe adìẹ, ti bàbá ni. Ẹran tí ó ń kàn mí kò ju àtàǹpàkò mi lọ, mo sì lè fi irú ẹran bẹ́ẹ̀ jẹ àmàlà tí ó tó orí ọmọ tuntun.

N kò sọ èyí láti bú àwọn àgbà. Ẹnu pọ̀ nílé, ẹran sì wọ́n. Òfin tí ó bá lè mú kí adìẹ kan yí ènìyàn méjìlá ká láìsí ìjà, òfin ọlọgbọ́n ni. Ẹ sì wo bí àwọn àgbà ti to oúnjẹ lẹ́sẹẹsẹ. Wọ́n fi iyán ṣe oúnjẹ, wọ́n fi ọkà ṣe oògùn, wọ́n ní àìrí rárá là ń jẹ̀kọ. Àní wọ́n wá àyè fún gúgúrú pàápàá. Ta ni ó gbọ́ ẹran níbẹ̀? Ohun tí a fi ń ti oúnjẹ lẹ́yìn ni ẹran jẹ́, òun fúnra rẹ̀ kì í ṣe oúnjẹ. Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún kí ẹnikẹ́ni tó sọ fún mi pé kí n da ètò náà dé orí kodò. Ìlú Lọ́ńdọ̀nù ni ó ti ṣẹlẹ̀, ọ̀bẹ ni ó sì fà á.

Ní ọdún 2018, mo wọn kílò 134. Orúnkún ń dùn mí, ẹ̀jẹ̀ mi ń ru, ìtọ̀ ṣúgà sì ti wọlé dé. Mo ti gbààwẹ̀, mo ti sáré, mo ti mu àgbo oríṣiríṣi. Ọ̀rá tí mo bá fi oṣù mẹ́ta sọ nù yóò padà dé láàárín oṣù méjì, yóò sì mú èrò lẹ́yìn. Ni àwọn dókítà bá ní kí n jẹ́ kí àwọn gé àpòlúkù mi kù. Iṣẹ́ abẹ nítorí ìsanra kì í ṣe ohun tuntun. Láti ọdún 1966 ni Edward Mason ti Yunifásítì Iowa ní Amẹ́ríkà ti ń ṣe irú rẹ̀ kan, èyí tí ó ń jẹ́ kí oúnjẹ gba ẹ̀bùrú yẹra fún apá tí ó pọ̀ jù nínú àpòlúkù. Tèmi yàtọ̀ sí ìyẹn. Nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún ni wọ́n gé sọ nù pátápátá, èyí tí ó kù sì rí tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta mo ti wà nílé.

Obìnrin kan tí ó mọ̀ nípa oúnjẹ ni wọ́n fi tì wá. Ó ní nígbà tí mo bá ti padà sí oúnjẹ líle, ẹran, ẹja, ẹyin tàbí ẹ̀wà ni kí n máa kọ́kọ́ jẹ. Bí àyè bá kù, kí n jẹ ẹ̀fọ́. Bí àyè bá tún kù, ìgbà náà ni kí n tó fọwọ́ kan ìrẹsì tàbí iṣu. Ó ní èròjà amúaradàgbà, èyí tí òyìnbó ń pè ní purotéènì, kò gbọdọ̀ dín ní gíráàmù 60 lójúmọ́, pé n kò sì gbọdọ̀ mu omi mọ́ oúnjẹ rárá, kí n dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ìdí tí ó fi sọ bẹ́ẹ̀ kò ṣòro. Ara tí oúnjẹ rẹ̀ kò bá tó yóò máa jẹ ara rẹ̀. Ọ̀rá ni a fẹ́ kí ó jẹ, ṣùgbọ́n bí èròjà yìí kò bá wọlé tó, yóò jẹ iṣan mọ́ ọn. Mo mi orí, mo ní mo gbọ́. Etí ni ó gbọ́. Ọwọ́ kò gbọ́.

Ìyá mi wá láti Ìbàdàn láti tọ́jú mi. Ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́rin ni wọ́n nígbà náà. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí a ń fún ẹni tí ara rẹ̀ kò yá nílé wa: ògì gbígbóná ni. Ní ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan àkọ́kọ́ kò sí ẹjọ́ níbẹ̀, nítorí ohun mímu nìkan ni wọ́n gbà mí láàyè láti fi ẹnu kàn. Ṣùgbọ́n oṣù kejì dé, ògì ni. Oṣù kẹta dé, ògì ni. Ó ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, nígbà tí ẹran ń há mi láyà bí òkúta, tí itọ́ ìfófòó yóò sì máa gòkè. Ta ni yóò fi ohun tí ó rọrùn sílẹ̀? Màmá a máa fi ẹyin kan sí i. N ó ti ẹyin náà sí ẹ̀gbẹ́ àwo gẹ́gẹ́ bí mo ti ń ṣe láti kékeré, n ó bẹ̀rẹ̀ ògì, kí n sì tó fi ṣíbí bù ú lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, mo ti yó dé ọ̀fun. Ẹyin a padà sínú fìríìjì.

Kílò ń já, àwọn ènìyàn ń kí mi kú oríire. Ní oṣù kẹrin mo ti sọ kílò 31 nù. Ní ọjọ́ Sátidé kan, ọmọ àbúrò mi ń tú irun mi, ó sì dákẹ́ lójijì. Nígbà tí mo wẹ̀yìn, irun ti kún itan rẹ̀. Wọ́n ti sọ fún mi pé irun a máa já lẹ́yìn irú iṣẹ́ abẹ bẹ́ẹ̀, àní lórí ẹni tí ó ń jẹun dáadáa, nítorí náà mo fi ìyẹn tu ara mi nínú. Ohun tí n kò rí àwáwí fún ni ẹsẹ̀ mi. Mo ń gun àtẹ̀gùn ní ibùdókọ̀ ojú irin ní ọ̀sẹ̀ kejì, ni orúnkún bá yẹ̀. Mo jókòó sáàárín àtẹ̀gùn, àwọn ènìyàn ń yà fún mi bí ẹni ń yà fún ẹrù tí ó já sílẹ̀.

Obìnrin onímọ̀ oúnjẹ ní kí n kọ gbogbo ohun tí mo bá jẹ fún ọjọ́ mẹ́ta sílẹ̀. Ó ṣírò rẹ̀ lójú mi. Ọjọ́ tí ó dára jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò pé gíráàmù 25. Kò bínú. Ó kàn béèrè pé kí ló dé tí mo fi ń fi ẹyin sí ìgbẹ̀yìn. Odidi olùkọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì ni mí, n kò sì rí Gẹ̀ẹ́sì kan fi dá a lóhùn.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka oúnjẹ wa bí ẹni ń ka owó. Ògì ni ó kọ́kọ́ já mi kulẹ̀: púpọ̀ nínú ohun tí ó dára lára àgbàdo ni a ti sẹ́ kúrò mọ́ èérí, èérí tí a ń dà fún ewúrẹ́! Ẹyin kan kò ju gíráàmù 6 tàbí 7 lọ. Ẹja tí a sè, tí ó bá wọn gíráàmù 100, a máa mú bí 20 wá, ó sì rọ̀ ju ẹran màlúù lọ. Mọ́ín-mọ́ín ni ó gbà mí, mọ́ín-mọ́ín ẹlẹ́ja àti ẹlẹ́yin, nítorí ó rọ̀, ọ̀nà ọ̀fun kò sì bá a jà. Wàrà náà ràn mí lọ́wọ́. Mo jà fún pọ̀nmọ́ gan-an. Obìnrin náà lọ wádìí ohun tí ó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, ó sì padà wá sọ pé òótọ́ ni pé èròjà náà wà nínú awọ màlúù, ṣùgbọ́n kò pé: ó ṣe aláìní nínú àwọn ohun tí ara kò lè dá ṣe fúnra rẹ̀, n kò sì gbọdọ̀ gbójú lé e. Títí di òní, ọ̀rọ̀ yẹn ń dùn mí.

Nígbà tí mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Màmá, wọ́n dákẹ́ pẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n béèrè pé, “Ṣé èmi ni mo wá fi ebi pa ọ́?” Mo dọ̀bálẹ̀ lórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ilé ìdáná, mo ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀, pé ọwọ́ mi ni ó ṣẹ̀. N kò mọ̀ bóyá wọ́n gbà. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n gbé àwo kan síwájú mi tí kò sí nǹkan mìíràn nínú rẹ̀ ju ẹja lọ, wọ́n sì jókòó tì mí. “Jẹ ẹ́ kí n rí i.” Èmi àgbàlagbà, ọwọ́ mi kò gbé e lójú ìyá mi. Mo tilẹ̀ wo ẹ̀gbẹ́ àwo bí ẹni ń wá ibi tí òun yóò tì í sí. Nígbà tí mo wá bu àkọ́bù, Màmá yí ojú sí fèrèsé, wọ́n ń wo òjò, wọn kò sì yí i padà títí mo fi jẹ ẹ́ tán.

Ní ọdún 2022 mo lọ sí Ìbàdàn fún òkú àbúrò bàbá mi. Lábẹ́ àtíbàbà, mo jẹ ẹja, mo jẹ ẹran díẹ̀, mo sì fi iyán sílẹ̀ lódidi. Ìyá àgbà kan tí ó jókòó tì mí ní Lọ́ńdọ̀nù ti ba èyí jẹ́. Màmá dá a lóhùn pé dókítà ni ó ní kí n máa ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n sì sọ ọ́ sókè kí àwọn tí ó wà lẹ́yìn lè gbọ́.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, mo jókòó ti Màmá níbi tí wọ́n ti ń jẹ àmàlà. Ìró tí ó máa ń fún wọn mọ́ ìbàdí tẹ́lẹ̀ ti ń yí wọn po lẹ́ẹ̀mejì. Ẹran méjì wà ní ẹ̀gbẹ́ àwo wọn. Kí òkèlè tó dé ìdajì, wọ́n ti pe ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kékeré, wọ́n fa ọ̀kan fún un, wọ́n sì ń wá ẹni tí wọn yóò fún ní èkejì, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń ṣe nígbà tí àwa náà kéré, tí mo rò pé wọn kò fẹ́ràn ẹran ni. Ọjọ́ orí náà ń jẹ iṣan, ó sì ń ṣe é láìfi ọ̀bẹ sí i. Àgbàlagbà kò gbọdọ̀ jẹ èròjà yìí kéré sí ti ọ̀dọ́.

Mo fa àwo náà mọ́ra, mo ti ẹran tí ó kù sí àárín. “Màmá, ẹ jẹ ẹ́ kí n rí i.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. “Lójú ọmọ?”

Mo rán ọmọ náà lọ bu omi wá. Màmá wo ẹnu ọ̀nà títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi jìnnà, wọ́n sì mú ẹran náà.