Ìwé Másítà Mi àti Èsúsú Màmá Àgbà

Ọ̀pọ̀ yín ti ń béèrè ohun tó gbé mi pamọ́ láti ọdún tó kọjá. Ìwé ni o! Mo ń ka ìwé másítà nínú ìmọ̀ ìṣàkóso òwò níbí ní Lọ́ńdọ̀nù.

Ẹ̀yin ọmọ, ọdún kan ni wọ́n sábà máa ń fi ka másítà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní Amẹ́ríkà, ọdún méjì ni ọ̀pọ̀ ń fi ka MBA, oyè tí Harvard bẹ̀rẹ̀ ní 1908. Kírẹ́díìtì 180 ló gbọ́dọ̀ pé níbí, ìwé ìwádìí tí a ń kọ gbẹ̀yìn sì sábà máa ń kó 60 nínú rẹ̀. Ẹ wá fi ọmọ méjì àti iṣẹ́ oṣù kún un. Aago mẹ́rin ìdájí ni mo ń jí kàwé. (Bàbá wọn ló ń se ìrẹsì. Ẹ má bi mí bó ṣe ń rí lẹ́nu.)

Èsúsú ni mo yàn fún ìwádìí mi. Olùkọ́ tó ń bójú tó iṣẹ́ mi ní ṣé kì í ṣe nǹkan àwọn tí kò rí báǹkì lò nìyẹn. Ó dùn mí, nítorí owó èsúsú ni màmá mi fi rán mi níwèé. Mo fi hàn án pé William Bascom, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà, ti kọ̀wé nípa èsúsú Yorùbá ní 1952. Wọ́n ṣì ń dá a ní Trinidad pàápàá, susu ni wọ́n ń pè é, ọ̀pọ̀ onímọ̀ sì gbà pé ọ̀dọ̀ wa ni orúkọ náà ti lọ.

Mo wá pe màmá mi n'Íbàdàn. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, tó jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń dá mi lóhùn ṣáá, ń ya àwòrán lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

"Mà, ta ló ń kọ́kọ́ kó èsúsú?"

"Ẹni tí ọ̀ràn bá dé bá ni. Ẹni tí a ò tíì mọ ìwà rẹ̀, ẹ̀yìn pátápátá ló máa kó tiẹ̀."

Ọmọ yìí gbórí sókè. "Màmá àgbà, tó bá kó o tó sá lọ, ta ló máa san án?"

Ní Yorùbá o! Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ.

"Olórí èsúsú ni, ọkọ mi. Ìdí nìyẹn tí a kì í fi ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ṣófo ṣe olórí."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi kọ́ wa nípa ewu inú òwò ní kíláàsì. Màmá mi ò lò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ.

Ẹ kọ èyí sílẹ̀, ẹ̀yin ọmọ. Owó tí a fi bẹ̀rẹ̀ òwò ni ojú owó. Èyí tó bá lé lórí rẹ̀ ni èrè. Owó tí ẹni tó yáwó ń san lé e ni èlé. Èsúsú kò ní èlé. Ti àjọ yàtọ̀ díẹ̀: alájọ máa ń gbà á kiri lójoojúmọ́, á sì mú owó ọjọ́ kan nínú oṣù fún wàhálà rẹ̀.

Ilé ìwé ò tíì dá èsì ìwádìí mi padà. Ṣùgbọ́n èsúsú ti bẹ̀rẹ̀ nílé wa, pọ́n-ùn kan lọ́sẹ̀, àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ọmọ mi obìnrin ni olórí. Ẹ̀yìn pátápátá ló fi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sí.