Afárá kan ní Missoula

Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ wa ti bi mí léèrè pé kí ni mo rí ní Amẹ́ríkà tí mo fi dákẹ́ láti ìgbà tí mo ti dé. Mo dákẹ́ nítorí pé ohun tí mo lọ wò nìkan kọ́ ni mo rí. Ọmọ-ọmọ mi ni mo lọ wò. Ìtàn ọba kan ni mo gbé bọ̀.

Missoula ni orúkọ ìlú náà, ní ìpínlẹ̀ Montana, ní apá ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà níbi tí òkè gíga pọ̀ sí. Ibẹ̀ ni ọmọ mi obìnrin àti ọkọ rẹ̀ ń gbé. Nígbà tí wọ́n ka ènìyàn ní ọdún 2020, 73,489 ni wọ́n kà níbẹ̀, èyí tí kò ju àdúgbò kan lọ ní Kútọnu. Òkè ló yí ìlú náà ká, odò Clark Fork sì gba àárín rẹ̀ kọjá. Yunifásítì wọn, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1893, wà ní ẹsẹ̀ òkè tí wọ́n ń pè ní Sentinel. Lára òkè náà ni wọ́n kọ lẹ́tà M ńlá funfun kan sí, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ a sì máa gùn ún lọ síbẹ̀ bí ẹni ń lọ sọ́jà. Èmi náà gbìyànjú. Mo dúró sinmi nígbà mẹ́ta, mo ń ṣe bí ẹni tí ń wo odò, kí àwọn ọ̀dọ́ má baà mọ̀ pé orúnkún ń dùn mí. Ìyá arúgbó kan tí ó dájú pé ó jù mí lọ fi ajá rẹ̀ ṣáájú, ó kí mi, ó sì kọjá lọ.

Láti ibẹ̀ ni mo ti rí àwọn ìlà tí ó fà gbọọrọ lára òkè kejì, tí a ń pè ní Jumbo, bí ilà tí a kọ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́. Mo mọ̀ wọ́n lójú ẹsẹ̀. Nígbà tí mo ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa ilẹ̀ ayé ní yunifásítì wa ní Abomey-Calavi, a kọ́ ẹ̀kọ́ nípa yìnyín ńlá ayé àtijọ́ ní èdè Faransé, nínú yàrá tí ooru ti ń mú wa, láìsí ẹnìkan nínú wa tí ó rí yìnyín rí àyàfi èyí tí wọ́n ń tà fún àwọn alápẹja. Yìnyín ni ó dí ojú odò níwájú lọ́hùn-ún ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, tí omi fi kún gbogbo àfonífojì náà, tí ó sì jìn tó mítà 290 lórí ibi tí ìlú wà lónìí. Nígbà tí yìnyín bá já, omi a tú jáde, a sì tún kún padà, lọ́pọ̀lọpọ̀ ìgbà. Àwọn ìlà náà ni etí omi náà tẹ́lẹ̀. Inú mi dùn bí ọmọdé. Ó gbà mí ju ogójì ọdún lọ kí n tó rí ohun tí mo ti kọ lésì rẹ̀ nínú ìdánwò.

Ìlú náà kún fún ìgbòkègbodò ju bí ó ti kéré tó lọ. Bọ́ọ̀sì wọn kò gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni láti ọdún 2015. Èmi tí mo fi ọdún 31 fọwọ́ sí ìwé owó ìjọba kò lè ṣàì máa ṣe ìṣirò lọ́kàn mi nígbàkigbà tí mo bá wọ̀ ọ́. Láàárín ìlú gan-an, àwọn ọ̀dọ́ a máa dúró lórí pákó, wọn a máa jó lórí ìgbì odò. Ẹṣin onígi tí àwọn ọmọdé ń gùn yí ká létí odò, àwọn ará ìlú ni wọ́n fi ọwọ́ ara wọn gbẹ́ ẹ, wọ́n sì ṣí i ní 1995. Ní àárọ̀ Àbámẹ́ta ni ọjà àwọn àgbẹ̀. Níbẹ̀ ni mo ti rí àwọn obìnrin Hmong tí wọ́n ń di ẹ̀fọ́ ní ìdì-ìdì, gẹ́lẹ́ bí àwọn ìyá wa ti ń di ọ̀gúnmọ̀. Láti Laos ni wọ́n ti wá lẹ́yìn tí ogun tú wọn ká ní 1975. Jerry Daniels, ọmọ Missoula kan tí ó ti bá ọ̀gágun wọn Vang Pao ṣiṣẹ́ nínú ogun náà, ni ó mú kí wọ́n mọ ọ̀nà ibẹ̀. Mo ra ata lọ́wọ́ ọ̀kan nínú wọn. A kò gbọ́ èdè ara wa, ṣùgbọ́n ó fi ata méjì lé e fún mi, ẹ̀ẹ́ni tòótọ́.

Ọmọ-ọmọ mi, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ni ó ń ṣe amọ̀nà mi. Ó fi ibi tí àwọn ọmọ ogun aláwọ̀ dúdú ti gbéra ní 1897 hàn mí, ogún ènìyàn tí wọ́n fi kẹ̀kẹ́ ológeere rin nǹkan bí kìlómítà 3,000 dé St. Louis. Ó tún mú mi dé ibi tí odò ti gba àárín òkè méjì wọ inú ìlú. Hellgate ni wọ́n ń pè é. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo gbọ́ ìtàn orúkọ náà, nítorí pé èdè Faransé ni ó kọ́kọ́ jẹ́: Porte de l'Enfer. Àwọn ọdẹ awọ ẹran tí wọ́n ti Kánádà wá ni wọ́n sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí egungun àwọn tí wọ́n kú síbẹ̀. Bí àwọn ará Salish, àwọn onílẹ̀, bá ń gba ibẹ̀ lọ sí ìgbẹ́ ọdẹ, àwọn ará Blackfeet a ba dè wọ́n. Ẹnubodè ogun ni. Mo ronú kan Àkàbà Ìdènà wa, ṣùgbọ́n n kò sọ ọ́ síta.

Afárá tí ó so apá méjì ìlú pọ̀ ni a gbà padà sílé. Lórí rẹ̀ ni ọmọ náà ti dúró, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn fún mi, tí ìyá rẹ̀ sì ń túmọ̀, nítorí pé èdè Gẹ̀ẹ́sì mi kò tó nǹkan. Beartracks ni orúkọ afárá náà láti ìgbà tí wọ́n ṣe ayẹyẹ rẹ̀ ní 2022. Orúkọ ìdílé Salish kan ni. Ní 1855, lẹ́bàá ìlú náà, gómìnà Isaac Stevens bá àwọn olórí Salish, Kootenai àti Pend d'Oreille ṣe àdéhùn. Victor, olórí àwọn Salish, kò gbà láti fi àfonífojì Bitterroot sílẹ̀. Nígbà tí Victor kú ní 1870, ọmọ rẹ̀ Charlo gun orí oyè. Ní 1872, ìjọba rán James Garfield, ẹni tí ó padà di ààrẹ, láti mú un fọwọ́ sí ìwé ìkúrò nílẹ̀. Charlo kọ̀. Síbẹ̀, nígbà tí ìwé náà jáde, àmì Charlo wà lórí rẹ̀. Ìjọba yàn ẹlòmíràn, Arlee, ẹni tí ó gbà láti kó lọ, wọ́n ní òun ni olórí. Charlo jókòó sórí ilẹ̀ bàbá rẹ̀ fún ọdún mọ́kàndínlógún sí i, títí ebi fi dé, tí ó sì kó àwọn ènìyàn rẹ̀ jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 1891, tí wọ́n sì gba Missoula yìí kọjá lọ sí ibi tí ìjọba là sílẹ̀ fún wọn.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ bí Faransé ti sọ ọba Àjàṣẹ́ di "chef supérieur" lẹ́yìn ikú Tòfà ní 1908, ẹ kò nílò kí n ṣàlàyé bí ọ̀rọ̀ Arlee ti rí létí mi.

Mo bi ọmọ náà pé níbo ni ó ti gbọ́ gbogbo èyí. Ó ní ilé ìwé ni. Òfin ìpínlẹ̀ náà, láti 1999, ni pé kí gbogbo ọmọ Montana, dúdú, funfun, kọ́ ìtàn àwọn onílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó wo ojú mi, ó ní: "Bàbá àgbà, ṣé àwa náà ní ọba?"

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí láyè kí n jẹ́wọ́. Mo ti kọ ìròyìn lórí kànga, lórí ọ̀nà, lórí owó orí, ní èdè Faransé tí kò ní àbùkù. N kò kọ ojú ewé kan ṣoṣo rí nípa Kétu fún ọmọ kankan. Ìwé kan ṣoṣo tí mo lè tọ́ka sí tí ọmọ yìí yóò lè kà ní èdè tí ó gbọ́ ni èyí tí Geoffrey Parrinder, òyìnbó, tẹ̀ jáde ní 1956. Mo dúró lórí afárá àlejò, ọmọ mi mọ orúkọ ọba Salish, kò sì mọ ti Alákétu. Ta ni n ó bínú sí?

Ní alẹ́ ọjọ́ náà mo ya Àkàbà Ìdènà sórí bébà, pẹ̀lú odi àti yàrà. Mo sọ fún un pé ní 1886 ni ogun Dàhòmì fọ́ Kétu, ọdún márùn-ún péré ṣáájú ìrìn Charlo, tí wọ́n sì kó àwọn ènìyàn wa lọ sí Àbọ̀mẹ. Ìyá tí ó bí bàbá bàbá mi wà lára wọn. Ọmọdébìnrin ni nígbà náà. Mo sọ fún un pé nígbà tí agbára Dàhòmì wó, àwọn wa padà, ní 1894, wọ́n sì tún ìlú náà tẹ̀ dó, Alákétu sì tún jókòó. Pé àwọn ará Salish kò rí Bitterroot gbà padà, ṣùgbọ́n àwa rí Kétu. Pé lójú ọ̀nà àbọ̀ náà ni wọ́n bí bàbá bàbá mi, tí wọ́n fi sọ ọ́ ní Abíọ́nà.

Ó ní kí n tún un pè. Ó pè é, ohùn rẹ̀ kò tọ̀nà. Mo tún un pè, ó tún un pè títí ó fi tọ̀nà. Ó kọ ọ́ sí abẹ́ ẹnubodè tí mo yà. Lẹ́yìn náà ni ó béèrè ohun tí n kò lè dáhùn: nígbà tí wọ́n dé pẹ̀lú ọmọ náà lẹ́yìn ìyá rẹ̀, ṣé ìlẹ̀kùn náà ṣì wà? Bí ó bá wà, ta ni ó ṣí i fún wọn?

Mo ní n ó béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà nílé. Ẹ̀yin àgbà Kétu tí ẹ ń ka ìwé yìí, mo ń béèrè. Bébà náà ṣì wà lára ògiri yàrá rẹ̀, ó sì ti fi àyè sílẹ̀ fún ìdáhùn.