Èmi Ni Mo Ni Ín, Ṣùgbọ́n N Kò Sí Níbẹ̀

Nígbà tí mo ń ṣiṣẹ́ oníròyìn, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni ẹni tó ni ilé iṣẹ́ wa máa ń yọjú sí wa. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló máa ń bi wá: èló lẹ pa? Kò bèèrè ìdí tí ìwé ìròyìn fi ń pẹ́ dé ọwọ́ àwọn tí ń tà á, kò sì mọ̀ pé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ti ń dẹnu kọlẹ̀. Owó oṣù méje ló jẹ mí kí n tó kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Bí a bá ń bú u, ohùn tèmi ló máa ń ga jù.

Lọ́dún 2021, mo fi ìwọ̀nba owó tí mo ní ra ẹ̀rọ tí ń rin ẹ̀gẹ́, mo sì gbé e lọ sí Ìràwọ̀, ìlú ìyá mi. Ìràwọ̀ yìí ni lẹ́tà "I" tó wà nínú orúkọ ìjọba ìbílẹ̀ Atisbo. Ẹ̀gẹ́ kò wọ́n níbẹ̀, àwọn obìnrin tí ń yan gààrí kò wọ́n; ẹ̀rọ ló wọ́n. Mo fi àbúrò mi sídìí rẹ̀, èmi jókòó sí Ìbàdàn. Gbogbo ọjọ́ Sátidé ni mò ń pè é: èló lẹ pa?

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, nígbà tí wọ́n pààrọ̀ owó náírà, owó bébà di ohun àwátì. Àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í fi owó ránṣẹ́ láti orí fóònù. Sínú àkáǹtì ta ni? Iṣẹ́ náà kò ní àkáǹtì tirẹ̀, torí pé n kò forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba. Àkáǹtì àbúrò mi ni gbogbo rẹ̀ ń wọ̀. Àsìkò yẹn náà ni wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún ìyàwó rẹ̀ nígbà tó fẹ́ bímọ. Nígbà tí mo lọ ṣírò owó ní oṣù Keje, kò sí ẹni tó lè ya owó ẹ̀rọ kúrò lára owó ilé ìwòsàn. Mo pè é ní olè lójú àwọn òṣìṣẹ́.

Ìyá àgbà kan tó ti ń yan gààrí níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ọmọ mi, èló la ń rin bàsíà ẹ̀gẹ́ kan níbí?"

N kò mọ̀ ọ́n.

Mo sun ibẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Iye tí a ń gbà lórí bàsíà kan kò tíì yí padà láti ọjọ́ tí a ti bẹ̀rẹ̀, bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún tí Ààrẹ Tinubu ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, lítà bẹntiróòlù kan ti kọjá 500 náírà. Bí ẹ̀rọ ṣe ń rin ẹ̀gẹ́ náà ló ń rin owó wa. Àbúrò mi rí i. Ó pè mí lẹ́ẹ̀mejì: "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ká fi nǹkan lé e?" Mo ní kó ṣe é bó bá ṣe rí i. Ta ló fẹ́ kí gbogbo obìnrin ìlú máa bú òun lórí ohun tí kì í ṣe tòun? Ẹlẹ́rù ní í gbé e níbi tó gbé wúwo. Ibi tó fúyẹ́ ni èmi dì mú.

Àwọn kan gbà pé iṣẹ́ ẹni tó ni òwò ni kó máa ṣọ́ àwọn òṣìṣẹ́ kí wọ́n má jalè. N kò rò bẹ́ẹ̀ mọ́. Àwọn ìpinnu kan wà tí ẹlòmíràn kò lè bá a ṣe: iye tí a ó gbà, ẹni tí a ó ṣiṣẹ́ fún láwìn, ọjọ́ tí a ó dá ẹ̀rọ dúró fún àtúnṣe. Bí kò bá ṣe wọ́n, wọ́n á ṣe ara wọn.

Mo forúkọ sílẹ̀, a ṣí àkáǹtì ní orúkọ iṣẹ́. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àbúrò mi lójú àwọn tó gbọ́ nígbà tí mo pè é ní olè. Ó ń gba owó oṣù báyìí; tẹ́lẹ̀, ohun tó bá ṣẹ́ kù ni mo ní kó máa mú, èmi tí mò ń bú ẹni tó jẹ mí lówó oṣù méje! A fi owó lé bàsíà. Oníbàárà méjì bínú lọ síbòmíràn, ọ̀kan ti padà.

Ẹ̀ẹ̀mejì lóṣù ni mò ń lọ báyìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, bẹ́líìtì ẹ̀rọ já, ó sì pè mí. Kí n tó bèèrè ohunkóhun, ó ti sọ iye tí wọ́n ń tà á ní Ṣakí àti iye tó wà nínú àkáǹtì. Ohùn rẹ̀ ṣì le sí mi díẹ̀.